Ejò Ń Lé Àgbà: Ẹ Jẹ́ Kí Oríkèé Ṣiṣẹ́

Òwe kan ni mo fẹ́ gbèjà rẹ̀ lónìí, nítorí a ti ń pa á ní ìpakúpa. Àwọn baba wa ní, "Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e." Ní Múṣin, ní Yábàá àti ní Sùúrùlérè, ìdajì òwe yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Bí a bá ní kí bàbá kan jáde lọ rìn ní òwúrọ̀, yóò ní àgbà kì í sáré lásán. Ọmọ rẹ̀ yóò sì gbè é lẹ́sẹ̀: "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ sinmi, ẹ ti ṣe tiyín."

Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìjókòó tí a fi ń bu ọlá fún àgbà wà lára ohun tí ó ń sọ orúnkún wọn di igi gbígbẹ.

Ẹ wo bí a ṣe dá oríkèé. Níbi tí egungun méjì ti pàdé, ohun kan tí ó ń dán, tí ó sì rọ̀ ju egungun lọ, ni ó bo orí wọn kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Lára ẹni tí ó ti dàgbà, ohun náà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Omi yíyọ̀ inú oríkèé ni ó ń bọ́ ọ. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò tú omi jáde bí kàn-ìn-kàn-ìn tí a fún. Bí a bá gbé ẹsẹ̀, yóò tún fa omi mu. Ẹni tí kò bá rìn, ebi ni ó ń fi pa oríkèé rẹ̀. Ẹran itan rẹ̀ yóò sì jò, gbogbo ẹrù ara yóò wá di ti orúnkún.

Ní 2019, iye àwọn tí àrùn oríkèé tí ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí a máa ń pè ní làkúrègbé, ń bá jà lágbàáyé tó mílíọ̀nù 528. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ní kí ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe ìdárayá lọ́sẹ̀. Ẹni ọdún 65 sókè ni wọ́n tún ní kí ó fi ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe èyí tí ó ń fún ẹsẹ̀ lókun, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣubú. Wọn kò yọ àgbà sílẹ̀ rárá.

Ẹnìkan yóò ní, "Ìyá mi kì í sinmi ní Ọjà Ojúwòyè." Jíjókòó lórí àpótí láti òwúrọ̀ di alẹ́ kì í ṣe ìrìn. Ẹlòmíràn yóò ní, "Bí mo bá rìn, ó ń dùn mí." Òótọ́ ni, ìrora lè pọ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá rọra ń ṣe é déédéé, yóò máa rọlẹ̀. Oògùn apàrora tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbi dókítà ńkọ́? Ó lè dá egbò sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí oríkèé bá wú, tí ó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, tàbí tí ènìyàn ṣubú, tàbí tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀ládìde, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì, tí ó ti wà láti 1945, kò jìnnà sí wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àkọkà tí ẹ ń jókòó ti kọ̀ǹpútà dòru, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àṣà wa kò fi ìgbà kan kórìíra ìmira: ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àti ijó bàtá, oríkèé ni gbogbo wọn ń lò.

Nítorí náà, ẹ pa òwe náà tán. Ejò ń lé àgbà. Làkúrègbé ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó jókòó ni ó sì ń tètè bá. Bàbá tí ó bá dìde rìn láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábàá kò rìn lásán.