"Ikú Yá J'ẹ̀sín" Kọ́ Ló Máa San Gbèsè Yín

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Woolwich, Plumstead àti Thamesmead, ọ̀rọ̀ yìí lè dùn yín, àmọ́ mo máa sọ ọ́. Gbèsè ti wọlé wa, a wá ń fi léèsì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹlòmíì ń yá lórí káàdì kan láti san káàdì kejì, ó ń bẹ olórí àjọ kó lè kó ṣáájú ẹni tó kàn. Tẹ́ ẹ bá ní kó lọ gba ìmọ̀ràn, á ní ikú yá j'ẹ̀sín. Ẹ̀sín wo? Ta ló mọ iye tẹ́ ẹ jẹ ní Powis Street?

Àwọn baba wa ló mọ ẹ̀sín gbèsè. Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ àwìn, kò ní dìde àfi tó bá gbowó. Ẹni tí ò rí owó san lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Wọn ò níbòmíì tí wọ́n lè sá lọ. Àwa ní. Òṣómàáló ti ibí, ìyẹn bailiff, ò láṣẹ láti fipá wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ torí gbèsè káàdì tàbí council tax. Ẹ tilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́.

Láti oṣù Karùn-ún 2021 ni Breathing Space ti wà ní England àti Wales. Agbaninímọ̀ràn gbèsè ló máa bá yín forúkọ sílẹ̀. Fún ọjọ́ 60, àwọn tẹ́ ẹ jẹ lówó ò ní lè dà yín láàmú, èlé ọ̀pọ̀ gbèsè náà á sì dúró. Tí ìyẹn ò bá tó, Debt Relief Order wà fún ẹni tí ò nílé tiẹ̀, tí gbèsè rẹ̀ ò ju £50,000 lọ, tí ohun tó ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ lóṣù ò sì ju £75 lọ. Wọ́n ti fagi lé £90 tí wọ́n ń gbà láti oṣù Kẹrin 2024. Lẹ́yìn oṣù 12, wọ́n á pa ọ̀pọ̀ gbèsè yẹn rẹ́. Ó máa wà nínú ìwé kírẹ́díìtì yín fọ́dún 6, mi ò ní purọ́. Ṣé ibi tẹ́ ẹ wà báyìí ló wá dáa ni?

"Wọ́n á torí ẹ̀ gba físà mi." Ọ̀rọ̀ WhatsApp! Ìmọ̀ràn gbèsè kì í ṣe public funds. Ìlànà Home Office lórí ìwà ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú sọ pé gbèsè nìkan kì í sábà ṣèdíwọ́ fún ẹni tó ń sapá láti san án. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kó o jọ tí kò sì bìkítà ni wọ́n ń kọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá pamọ́, ta lẹ ń jọ?

StepChange, National Debtline, Citizens Advice: ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mówó wá, ẹ sá fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gba páásípọ́ọ̀tù ọmọléèwé ṣe ìdógò, tẹ́ ò gbàṣẹ FCA, ẹ̀yin lẹ rú òfin, kì í ṣe ẹni tó yáwó lọ́wọ́ yín.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní kí lọmọ PhD mọ̀ nípa gbèsè (bíi pé stipend ń tó jẹun). Ẹni tó bá ń bẹ̀rù láti pè wọ́n, ẹ wọ inbox mi, a jọ máa jókòó pè wọ́n. Ẹ kó lẹ́tà yín dání, títí kan èyí tẹ́ ò tíì já.