Ẹ MÁ FI ẸNU ỌMỌ PA IRỌ́ NÍ KÓÒTÙ

Ọ̀rọ̀ wa òní lè má dùn létí àwọn kan, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́.

Ó ti pọ̀ jù. Ní Alájùé wa níbí, tí tọkọtaya bá ti túká, tí kóòtù sì ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwa pásítọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sá wá. Kì í ṣe pé kí a bá wọn wá àlàáfíà o. "Dádì, ẹ bá wa gbààwẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ wọhò níwájú adájọ́." "Dádì, ẹ wá jẹ́rìí pé èèyàn burúkú ni." Ìyá kan á jókòó ti ọmọ ọdún méje, á máa kọ́ ọ pé kó sọ pé bàbá òun ń na òun, nígbà tí bàbá ò fọwọ́ kàn án rí. Bàbá mìíràn á kó ọmọ pamọ́ sí ìlú òkèèrè kí ìyá má bàa fojú kàn án títí ọjọ́ ẹjọ́ á fi pé. Wọ́n á ní àwọn ń múra sílẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ wo nìyẹn? Ẹ̀ṣẹ̀ ni!

Ẹ jẹ́ kó yé yín: kóòtù ò pe ẹjọ́ yẹn láti mọ ẹni tó burú jù nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ ni wọ́n ń wò. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti sọ di òfin tirẹ̀, ire ọmọ ló fi ṣíwájú. Òfin tí ilé ẹjọ́ gíga fi ń dá ẹjọ́ àwọn tó ṣègbéyàwó kóòtù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní láísẹ́ǹsì, ti wà láti 1970, ohun kan náà ló sọ. Àwọn tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni tiwọn. Níbẹ̀ pàápàá, "bàbá ló lọmọ" nìkan ò tó mọ́. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Odogu àti Odogu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé ire ọmọ kọjá ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n. Ìdùnnú ọmọ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ló jù. Nítorí náà, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà Tìmì, má bọ́hùn. Bàbá olówó, má fọ́nnu.

Báwo wá ni ká ṣe múra? Wá ìwé ìbí ọmọ. Wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti káàdì ọsibítù. Kó rìsíìtì owó ilé ìwé jọ, àti ẹ̀rí owó tí o fi ránṣẹ́ ní báńkì. Mọ orúkọ tíṣà ọmọ, mọ kíláàsì tó wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: àwọn bàbá kan wà tí wọ́n gba lọ́yà méjì, tí wọn ò mọ kíláàsì ọmọ wọn! Mọ ẹni tí yóò máa wo ọmọ tí o bá lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ béèrè lọ́dọ̀ Legal Aid Council tàbí àwọn lọ́yà obìnrin FIDA.

Ẹlòmíràn á ní, "Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló ń na ọmọ ńkọ́?" Sọ ọ́! Má bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìjọ. Mú ìwé dókítà wá, mú aládùúgbò tó rí i wá, àwa náà á tẹ̀lé ọ lọ. Òtítọ́ ò nílò kí a kọ́ ọmọ ní àkọ́sórí.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ dákun, ẹ yé kọ lẹ́tà ìwà rere fún ẹni tí ẹ ò débi ilé rẹ̀ rí. Bíbélì kan náà tí a fi ń wàásù ni wọ́n á gbé lé wa lọ́wọ́ láti búra. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 ni òfin ọ̀daràn là sílẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ́rìí èké lábẹ́ ìbúra. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kóòtù ò fún lọ́mọ ṣì ní láti máa rí ọmọ, owó oúnjẹ àti ilé ìwé ò sì dúró. Àìsàn ọmọ á pe ẹ̀yin méjèèjì, ìgbéyàwó rẹ̀ náà á pè yín. Kí lẹ fẹ́ fi ojú yín wo ara yín lọ́jọ́ náà?

Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 3. Obìnrin tó gbà kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ òun dípò kí idà kàn án ni Sólómọ́nì mọ̀ ní ìyá. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ní, "Kábíyèsí, ẹ gé e!"

Nítorí náà, nínú ìjọ tiwa, a ò ní gbààwẹ̀ láti ba ti bàbá tàbí ìyá ọmọ jẹ́. Ohun tí a fojú rí nìkan la ó jẹ́rìí sí. Ọmọ la ó gbàdúrà fún. Ẹni tí inú ń bí, kó wá bá wa ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn. Ṣùgbọ́n kó má mú ọmọ dání wá gbọ́ ọ o.

Olúwa yóò tún ilé wa ṣe. Ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ti súnmọ́.