Igún ń tán lọ, ta ni yóò palẹ̀ òkú ẹran mọ́?

Bí igún ṣe ń dín kù yìí, àwọn àgbẹ̀ àti darandaran láti Ìlọrin dé Kàíámà wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Lọ́dún 2015 ni àjọ IUCN, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó lágbàáyé, kéde pé igún tó ń wá oúnjẹ nílé ìpẹran, àti irú mìíràn tó ń kọ́ ìtẹ́ sí pàlàpálá òkè nílẹ̀ gbígbẹ bíi ti Málì, lè pòórá pátápátá.

Yorùbá ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Síbẹ̀, orí igún wà lórí àtẹ láwọn ọjà wa. Májèlé inú ẹran ni àwọn mìíràn fi ń pa á, ẹni tó sì rà á fún oògùn lè ra májèlé náà mọ́ ọn.

Inú igún máa ń pa kòkòrò àrùn ántíráásì. Ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n rí àrùn náà lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger, tó múlé gbe Kwara. Ní Íńdíà, nígbà tí oògùn màlúù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igún tán, ajá ìgboro pọ̀ sí i, ewu dìgbòlugi sì pọ̀ sí i. Ọdún 2006 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de oògùn náà.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹranko Kainji, tí apá kan rẹ̀ wọ Kwara, kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ọjà ló ń rán ọdẹ níṣẹ́. Àfi kí ìjọba, àwọn ọba, oníṣègùn àti olórí ọjà jọ jókòó sọ ọ́.