Ẹ Wọn Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, olùkọ́ kan bi mí léèrè ẹ́ńjìnnì tí ó yẹ ọkọ̀ òfurufú kékeré tí a ń fi rédíò darí, irú èyí tí ń tàkìtì lókè. Èsì mi nìyí: ẹ kọ́kọ́ gbé e lé ìwọ̀n, tòun ti epo tàbí bátìrì inú rẹ̀. Bí ó bá tó kílò 2, ẹ ra ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ tí yóò lè fa kílò 3, kí ó lè gòkè ṣánṣán.

Ṣùgbọ́n ẹ má ná owó tán sórí ẹ́ńjìnnì o! Servo, mọ́tò kékeré tí ń yí ìrù, ojúlówó rẹ̀ ni kí ẹ rà. Bí ó bá kú lókè, agbára ẹ́ńjìnnì di ewu. Ẹni sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá.