Máàkì ẹ̀dọ̀: ta ló ń fi í pamọ́ fún wa?

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àbúrò bàbá mi ṣe skáànù. Wọ́n rí ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ wọn. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ni pé, "Ẹ dín oúnjẹ ọlọ́ràá kù, bàbá." Wọ́n ká èsì náà, ó di ìwé abẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́dún yìí ojú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, omi kún inú wọn, wọ́n wá bi mí, èmi tí mo ka òfin nínú ẹbí, bóyá a lè pe ilé ìwòsàn ọ̀hún lẹ́jọ́.

Mi ò tíì dá wọn lóhùn tán. Àmọ́ nígbà tí mo tú ìwé àtijọ́ yẹn, inú bí mi. Ọjọ́ orí wọn wà níbẹ̀, AST àti ALT wà níbẹ̀, iye platelet náà wà níbẹ̀. Nǹkan mẹ́rin yìí ni wọ́n fi ń ṣírò FIB-4, fóònù ọwọ́ yín lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá wà lábẹ́ 1.3, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Bó bá kọjá 2.67, ó ṣeé ṣe kí àpá ti pọ̀ lára ẹ̀dọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n tètè ṣe àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ sí i. Àpá yẹn, ju ọ̀rá lọ, ló ń sọ ẹni tí ẹ̀dọ̀ lè pa. (Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì pé 35, kì í péye dáadáa fún yín.) Mo ṣírò ti àbúrò bàbá mi. Ó lé ní 3. Ọdún mẹ́fà!

Bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀, máàkì mìíràn ni: MELD. Láti 6 dé 40, ó ń sọ bí ewu ikú ṣe pọ̀ tó láàárín oṣù mẹ́ta. Láti 2002 ni Amẹ́ríkà ti ń fi pín ẹ̀dọ̀ fún àwọn tó ń dúró de ìpààrọ̀: ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù ló ń wà níwájú. Ó dà bíi pé kò sí ojúsàájú níbẹ̀, àbí? Ó wà. Creatinine wà lára ohun tí wọ́n ń ṣírò, iṣan ara ló sì ń mú un wá. Iṣan obìnrin sábà máa ń kéré, torí náà máàkì rẹ̀ máa ń kéré sí àìsàn rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kú lórí ìlà. Ní 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo MELD 3.0, tó fi 1.33 kún ti obìnrin. Nọ́ńbà náà wà ní gbangba, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi lè ta kò ó. Ta ló lè ta ko nọ́ńbà tí ẹnì kankan ò ṣírò?

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Abala 23 nínú òfin National Health Act, 2014, ní kí olùtọ́jú ṣàlàyé ipò ìlera aláìsàn fún un, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tó gbọ́. "Fatty liver grade 2" kì í ṣe èdè tí àbúrò bàbá mi gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ dókítà bínú sí mi. Ó ní èrò pọ̀, ọwọ́ ò tó, pé béèyàn bá sọ nọ́ńbà ikú fún aláìsàn, ọ̀dọ̀ alágbo ló máa sá lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Àmọ́ wọn ò sọ fún àbúrò bàbá mi, ṣebí wọ́n ṣì mu àgbo náà? Kí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa tẹ FIB-4 sí ìsàlẹ̀ èsì níbikíbi tí nǹkan mẹ́rin yẹn bá ti pé. Ìṣirò lásán ni, kò nílò ẹ̀jẹ̀ tuntun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gba MELD wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ní Yorùbá, kí n má sì fo ti oṣù mẹ́ta yẹn. Mo kọ ọ́.