Ìlà Pupa Lójú Kọ̀ǹpútà: Ta Ló Ń Parọ́, Ẹ̀rọ Ni Tàbí Ọmọ Iṣẹ́?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yìí kan àpò yín o! Ẹ má wulẹ̀ ṣí ojú ìwé yìí kọjá pé ti àwọn akọ̀wé ni. Ìwé gbèsè tí ẹ ń kọ sára páálí tẹ́lẹ̀ ti ń bọ́ sínú fóònù díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ tó lè bá yín ṣe é sì wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, láti Lágéré dé Mayfair títí wọ inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n. Ṣebí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yẹn náà ló dá Jobberman sílẹ̀ lọ́dún 2009, ibi tí àwọn èèyàn ti ń wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí àwọn olùkọ́ wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ọgbọ́n wà níkùn wọn. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ìlà pupa kan.

Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ọmọ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ óò rí i pé ibi tó ń kọ̀wé sí, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní Visual Studio Code, a máa fa ìlà pupa wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, bí tíṣà ṣe ń fi bírò pupa fàlà sábẹ́ àṣìṣe. Bàbá tó ń sanwó iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ á ní owó òun ti wọgbó. Ọmọ á dáhùn pé, "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn, ó ń ṣiṣẹ́." Á tẹ̀ ẹ́, á sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́! Ta wá ló ń parọ́ níbẹ̀?

Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó parọ́. Inú iṣẹ́ tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà méjì kọ ni irú èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Èdè kìíní ń jẹ́ JavaScript. Brendan Eich ló ṣe é ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló sì fi ṣe ti àkọ́kọ́. Èdè ọlọ́yàyà ni, kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ kó sínú igbá ẹ̀, iye owó ni o, orúkọ èèyàn ni o, á gbà á. Èdè kejì ni TypeScript, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2012, lábẹ́ Anders Hejlsberg, ọmọ ilẹ̀ Denmark. JavaScript náà ni nínú lọ́hùn-ún, àmọ́ wọ́n fi ọlọ́pàá sẹ́nu ọ̀nà. Igbá owó, owó nìkan ni kó wọ̀ ọ́. Igbá orúkọ, orúkọ nìkan.

Bí èdè méjèèjì bá pàdé nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó di ilé olórogún. Ìyáálé ti ń ṣe ilé bọ̀ ọjọ́ pẹ́, kì í ka ohun tó bá ń kó wọlé. Ìyàwó tuntun ní òun ò ní gbà á lórí ẹ̀ títí yóò fi sọ ohun tó wà nínú ẹrù. Ìyáálé ò sì mú ìwé kankan dání, torí wọn kì í béèrè ìwé láyé tiẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlà pupa ti ń yọ. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà ẹ̀ ni 7016, ohun tó ń wí ni pé òun ò rí ìwé tó júwe ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ JavaScript bọ̀. Kò ní iṣẹ́ bàjẹ́ o. Òun ò mọ̀ ọ́n ló sọ.

Àwọn àgbà tó ti ń tajà lọ́dún 1973 mọ irú ìjọ̀ngbọ̀n yìí dáadáa. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà ni Nàìjíríà fi pọ́n-ùn sílẹ̀ bọ́ sórí náírà, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, sílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ẹni tó bá kàn pe "márùn-ún" láìsọ pé sílè ni tàbí náírà, ìjà ló dá sílẹ̀. Sílè márùn-ún, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni. Náírà márùn-ún jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ ò parọ́, etí ẹni tó gbọ́ ọ ò di, owó ṣáà sọnù láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e dé ọjà Odò-Ògbè. Ká ní oníbàárà kan jẹ ìyá aláṣọ ní 2500 náírà, ó tún wá gba aṣọ 500 náírà sí i. Àpótí tí wọ́n ń tẹ owó sí lójú fóònù, bí ọ̀rọ̀ ló ṣe ń fi í ránṣẹ́, kì í ṣe bí iye. JavaScript rí ọ̀rọ̀ àti iye, kò bèèrè nǹkan kan, ó so wọ́n pọ̀ bí ìgbà téèyàn so okùn méjì, ó kọ 2500500!

"Ìwọ ọmọ yìí, gbèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló di mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ yìí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Lánàá tí oníbàárà yẹn san díẹ̀, ṣebí ó yọ ọ́ dáadáa?"

Òótọ́ lọmọ náà sọ. Bí ẹ bá ní kí JavaScript yọ 500 kúrò nínú 2500 kan náà, á sọ ọ̀rọ̀ di iye fúnra ẹ̀, á kọ 2000. Àròpọ̀ ló ti ń da ilé rú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè dán iṣẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó má rí nǹkan kan. Ọlọ́pàá TypeScript kì í sì bá wọn dé ọjà. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bọ́ gbogbo àkọlé yẹn kúrò, JavaScript lásán ló ń kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọmọ Ifẹ̀ o. Ọkọ̀ òfuurufú Mars Climate Orbiter, tí Amẹ́ríkà rán lọ sí Mars lóṣù Kejìlá ọdún 1998, ṣègbé lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999. Ètò kọ̀ǹpútà kan ń fi pọ́n-ùn ka agbára tó ń ti ọkọ̀, èkejì ń kà á bíi newton. Nọ́ńbà dé láìsí àkọlé. Mílíọ̀nù 125 dọ́là lọ báyẹn!

Kí wá ni àtúnṣe? Àwọn kan a máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á kọ any sára igbá, ìyẹn ni pé kí ohunkóhun máa wọlé, tàbí kí wọ́n kọ @ts-ignore sókè ìlà pé kí ọlọ́pàá gbójú kúrò. Ìlà pupa á lọ, bí ẹni yọ bátìrì aago tó ń ké. Bó bá di dandan kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́, @ts-expect-error sàn jù, tó dé lọ́dún 2020, torí bí àṣìṣe náà bá ti kúrò nílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á pariwo pé kí wọ́n yọ òun.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ọmọ kọ ìwé fún ìyáálé. Fáìlì kékeré ni, orúkọ ẹ̀ máa ń parí sí .d.ts, inú ẹ̀ ló ti máa sọ ohun tó ń jáde látinú JavaScript. Àwọn èlò tí ayé ń lò, àwọn èèyàn ti kọ ìwé ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ibi tí wọ́n ń pè ní DefinitelyTyped, gbígbà ló kù. Ti èyí tí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, òun ló máa kọ ọ́. Kó sì kọ òótọ́! Bí àpótí bá ń mú ọ̀rọ̀ wá, tó kọ ọ́ pé iye ni, ìwé ẹ̀rí irọ́ ló fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ìlà pupa ò sì ní yọ rárá. Ìyẹn burú ju any lọ. Ẹnu àpótí gan-an ló ti yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ di iye.

Ìlà pupa mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹjọ́ ibi ìkọ̀wé ni. Visual Studio Code ní TypeScript tiẹ̀ tó gbé dání, iṣẹ́ náà lè ní tiẹ̀ tó yàtọ̀, kálukú á máa wí tẹnu ẹ̀. Kí ọmọ yan ti iṣẹ́ náà, kó tún un tan, ó lè parẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sanwó, ẹ má tíì ka owó lé e lọ́wọ́. Ẹ gba fóònù, ẹ kọ gbèsè 2500, ẹ fi 500 kún un, kí ẹ wò ó bóyá 3000 ló jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ 2,500 pẹ̀lú kọ́mà láàárín, bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ètò tí wọn ò ṣe dáadáa lè kọ NaN sí yín lójú, pé òun ò rí iye níbẹ̀, òmíràn á ka 2 tó wà níwájú kọ́mà, á ju ìyókù nù. Náírà méjì péré ni oníbàárà yín á jẹ yín nìyẹn.