Ẹ̀rọ Kọ́ Ni Ó Pa Wọ́n

Nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí tí ó bá gba ẹ̀mí rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni ó máa ń wà lẹ́nu àwọn olówó: èkíní, pé òṣìṣẹ́ náà kò fara balẹ̀; èkejì, pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Àwa kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. A sì pe ẹlẹ́rìí wá láti òkèèrè, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ìlara ni ó ń mú wa sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ọdún 2010, ọkùnrin 29 kú nínú kòtò èédú Upper Big Branch ní West Virginia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Massey Energy ni ó ni ín. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yóò yé àgbẹ̀ tí àdá rẹ̀ ti bá òkúta rí. Ẹ̀rọ ńlá kan ń lọ, ó ń bọ̀, lára ògiri èédú nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó ń fi ehín irin gé e. Bí ehín náà bá ti jẹ, tí ó sì kan òkúta, yóò ṣáná. Nítorí èyí ni a ṣe fi ihò tí ń fọ́n omi sí ara ẹ̀rọ náà. Ní Upper Big Branch, ehín ti jẹ, omi kò sì fọ́n bí ó ti yẹ. Ẹ̀rọ ṣáná, iná ran gáàsì tí ń jáde nínú kòtò. Bí wọ́n bá ti wọ́n ìyẹ̀fun òkúta ẹfun sílẹ̀ tó bí òfin ti wí, ìbúgbàmù náà kì bá tí tàn kálẹ̀. Wọn kò wọ́n ọn tó. Eruku èédú gba iná, ó sì bú gbàmù.

Kí ni ilé-iṣẹ́ náà wí? Wọ́n ní gáàsì ni ó ṣàdédé tú jáde láti inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ìjọba tí ó jáde ní oṣù Kejìlá, 2011 kò gba èyí gbọ́. Ó fi hàn pé ìwé méjì ni wọ́n ń kọ: ọ̀kan tí wọ́n ń kọ àbùkù ibi iṣẹ́ sí fún ara wọn, èkejì tí àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba ń rí. Bí aṣàyẹ̀wò bá sì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n a fi rédíò ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó mọ àbùkù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi í pamọ́, ṣé òun náà ni yóò pè é ní iṣẹ́ Ọlọ́run? Ehín titun kò wọ́n. Ìdádúró iṣẹ́ láti pààrọ̀ rẹ̀ ni ó wọ́n lójú wọn.

Ní 2015, ilé-ẹjọ́ dá ọ̀gá àgbà wọn, Don Blankenship, lẹ́bi pé ó dìtẹ̀ láti rú òfin ààbò ibi ìwakùsà. A kò tilẹ̀ fi ẹ̀sùn ikú àwọn ọkùnrin náà kàn án. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni, pẹ̀lú ìtanràn 250,000 dọ́là. Ẹ pín ọdún kan náà sí ọ̀nà 29: kò pé ọjọ́ 13 fún òkú kọ̀ọ̀kan! Nígbà tí ó di 2018, ó ti ń tọrọ ìbò kí ó lè wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà.

Ẹ̀yin ará, ẹ má wí pé Amẹ́ríkà jìnnà. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tí kò ní ìbòrí, ayùn sọ́mílù tí ó wà ní gbangba, ọmọ ìyá ehín yẹn ni wọ́n. Òfin kò ṣàì sí nílẹ̀ wa. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti 1987 pàṣẹ kí a bo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ. Òfin 2010 sì fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa ní ẹ̀tọ́ owó ìtánràn-án. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹnikẹ́ni kò lọ yẹ̀ wò, àdá tí a so mọ́ àjà ni. Kò lè ṣán oko.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè: kí aṣàyẹ̀wò máa dé láìròtẹ́lẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tí ó bá dá ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ dúró má ṣe pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, kí ìjìyà sì dé orí olówó, kì í ṣe orí ọmọ-ọ̀dọ̀ nìkan. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.